Àjànàkú Kò Gba Àlejò

Ẹ wo bí ayé ti yí biri, tí àwa ọmọ Oòduà, tí àwọn baba ńlá wa fi àdá àti iná lé igbó sẹ́yìn kí Ilé-Ifẹ̀ tó dìlú, fi wá ń jiyàn ibi tí a óò ti sanwó sùn nínú igbó fún ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta. Igbó Okomu, ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, ní ilé orí igi, níbi tí ọ̀bọ ọlọ́fẹ̀ẹ́ yóò ti máa wo ẹni tó sanwó kí ó tó gungi. Igbó Omo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní erin, ṣùgbọ́n erin ibẹ̀ a máa sá fún ènìyàn. Àwọn àgbà kò gbà kí á rí erin kí á ní a rí nǹkan fìrí. Ẹni tó wá sanwó, tí kò rí ju ìgbẹ́ erin lọ, kí ni kí ó wí nílé?