Ẹni Da Omi Síwájú

Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ni ẹ̀gbọ́n mi kan máa ń gbé sínú bóòtì kó tó jáde nílé rẹ̀ ní Baṣírì, l'Adó-Èkìtì. Bí ẹ bá rò pé epo bẹntiróòlù ló wà nínú wọn, ẹ ò tíì mọ ẹ̀gbọ́n mi. Omi ni. Omi kànga tí ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ sẹ́, kí ìdọ̀tí má bàa wọ inú ọkọ̀. Camry 1999 ni ọkọ̀ ọ̀hún, tòkunbọ̀, ó sì ń mu omi ju màlúù lọ.

Ní Sátidé kan nígbà ọyẹ́, ó ní kí n bá òun mú àlejò tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé lọ wo omi gbígbóná ní Ìkògòsì. A dúró ní Ìyìn, ó da omi. A dúró ní Ìgẹ̀dẹ̀, ó da omi. Ká tó dé Arámọ̀kọ, kẹ́ẹ̀gì méjì ti gbẹ, èéfín funfun sì ń tú lẹ́yìn wa bí ẹni pé a di igi tútù sínú ààrò. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Ilẹ̀ gbẹ táútáú.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi tí ẹ ń dà yìí, ibo ló ń gbà lọ?"

Ó wò mí bí ẹni tí àánú ń ṣe. "Àbúrò, ẹ́ńjìnnì ló ń mu ún. Ṣé ìwọ kì í mumi tóòrùn bá pa ọ́ ni?" Ó fi àkísà dé rádíétọ̀ padà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù."

Oore tá a ṣe sílẹ̀ lòwe yẹn ń sọ, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n n ò tíì rí ẹni tó fi gbogbo ọkàn gbà á gbọ́ tó báyìí rí. Iwájú ọkọ̀ ni rádíétọ̀ wà, iwájú náà ló ń da omi sí lójoojúmọ́, ó wá ń retí ilẹ̀ tútù. Àwọn baba wa tó pa á lówe ò ní rádíétọ̀. Ká ní wọ́n ní in ni, wọn ì bá ti fi kún un pé ká bi omi léèrè ibi tó ń lọ.

Kì í sì í ṣe pé ẹ̀gbọ́n ò tọ́jú ọkọ̀ náà o! Nígbà tó kọ́kọ́ ń gbóná, àwọn mẹkáníìkì yọ thermostat rẹ̀ sọnù. Wọ́n ní ti òyìnbó ni, ìlú ò tutù níbí. Wọ́n so fáànù mọ́ bátìrì ní tààrà kó lè máa fẹ́ láìsinmi. Ẹnì kan ní kó da ata gígún sínú rádíétọ̀ kó lè dí ihò tí ẹnikẹ́ni ò rí. Ó dà á. Nígbà tí abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru hàn ṣì ń gòkè, ẹ̀gbọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ọn lójú tí wọ́n kọ "Yóò dára fún mi" sí. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ ò gbóná mọ́.

A dé Ìkògòsì. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe tutù díẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ n ṣí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Ohun tó lẹ̀ mọ́ inú ìdérí dà bí ògì. Èyí nìkan kì í tó dájọ́ fún ọkọ̀. Nígbà ọyẹ́, ọkọ̀ tí kò rìn ju Òkèṣà sí Ìjigbò nínú Adó lọ lè ní ìrì funfun níbẹ̀. Mo fa gáàjì tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Àwọ̀ tíì tí wọ́n da mílíìkì sí ní àdàjù ni mo bá, ọ́ìlì sì ti ga ré kọjá àmì.

Inú ẹ̀gbọ́n dùn. "Ṣé o rí i? Ọkọ̀ àwọn ẹlòmíì ń jẹ ọ́ìlì. Tèmi ń pọ̀ sí i!"

Ẹ gbà mí. Omi ní ọ̀nà tirẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì ní tirẹ̀, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló pààlà láàárín wọn, kò sì nípọn rárá. Bí ọkọ̀ bá gbóná léraléra, irin orí ẹ́ńjìnnì á wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, omi á sì kó wọnú ọ́ìlì. Irin á wá máa ha irin. Ẹ kán díẹ̀ lára ọ́ìlì gáàjì sórí irin gbígbóná: bó bá ta pàrà, omi wà níbẹ̀. Ìyá alákàrà tí kò wakọ̀ rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, àìsàn mìíràn nìyẹn. Bó bá ń dán wínníwínní lọ́wọ́ bíi góòlù, ẹ má yọ̀, ẹ́ńjìnnì yín lẹ fọwọ́ mú. Dúdú tí gbogbo ayé ń sá fún ni kò burú jù. Ọ́ìlì tó ṣiṣẹ́ kì í funfun.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì Camry tiẹ̀ ti gbé Toyota dé ìta rí. Ní 2002, ilé iṣẹ́ náà kọ̀wé sáwọn oníbàárà rẹ̀ l'Amẹ́ríkà pé ọ́ìlì lè dì bí ẹrẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣe láàárín 1997 sí 2002, Camry wà nínú wọn. Ọkọ̀ irú bẹ́ẹ̀ gba Kútọnu wọlé sọ́dọ̀ wa. Lẹ́tà ò bá wọn wá.

Ní tiwa, a sanwó, a wọlé. Omi gbígbóná ń ṣàn níbẹ̀, títutù ń ṣàn, wọ́n sì pàdé. Ẹni tó mú wa yíká ní ìwọ̀n ooru omi gbígbóná náà jẹ́ 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius níbi orísun, ó sì di 37 níbi ìpàdé. Àlejò ya fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n ń mi orí, ó ní iṣẹ́ Ọlọ́run ò láfiwé. Mo ń wò ó. Ìpàdé tirẹ̀ wà lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì níta, kò sì gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Inú bí mi gan-an, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ti pààrọ̀ ọ́ìlì lóṣù yẹn. Owó gásíkẹ́ẹ̀tì ló ń dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè bínú pẹ́ sí ẹni tó dúró lẹ́bàá títì láti bu omi fún awakọ̀ mìíràn tí tirẹ̀ gbẹ?

Nígbà tá à ń bọ̀, kó tó di Ìyìn, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí dún gbì, gbì, gbì, bí ẹni ń gúnyán nínú odó òfìfo. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Ọkọ̀ mìíràn ló wọ́ wa dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Ajílósùn, l'Adó.

Ní ọjọ́ kejì, mẹkáníìkì gbé ike sábẹ́ rẹ̀, ó tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì. Omi ló kọ́kọ́ jáde, ó pọ̀, kí ẹrẹ̀ funfun tó tẹ̀ lé e. Ọmọkùnrin náà gbójú sókè. "Dádì, omi tí ẹ ti ń dà láti ọjọ́ yìí rè é."

Ọkọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀kadà ni ẹ̀gbọ́n ń gùn lọ sọ́jà báyìí, àwọn kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin sì ti padà sídìí kànga.