Mo Rí 220, Mo Sanwó

Nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Tchaourou ló fẹ̀ jù. Ilẹ̀ wa lé ní 7,200 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn láti Tchatchou dé Bétérou, ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tán, ilẹ̀ á ṣì wà ńlẹ̀. Orí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó báyìí ni mo ti ní n kò rí ibi tí mo lè rìn sí, tí mo fi lọ ra ẹ̀rọ ìrìn, tí mo gbé e sínú yàrá tí mò ń kó kajú sí, kí n lè máa rìn lójú kan.

Dókítà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Kajú ni mò ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Bí àkókò rẹ̀ bá dé, láti oṣù kejì títí òjò yóò fi balẹ̀, orí àga ni mo máa ń wà níwájú òṣùwọ̀n, tí wọ́n á máa gbé àpò lé e, tí èmi á máa kọ̀wé. Bí àkókò kajú bá sì lọ, orí àga náà ni mo ṣì máa ń wà. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó tún un wọ̀n, ó ní kí n máa rìn. Ó ní Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú rìn lọ́sẹ̀, ìrìn kánmọ́kánmọ́, irú èyí tí ènìyàn lè máa sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní lè kọrin.

Ohun tí dókítà kò mọ̀ ni pé ẹni tó ń ra kajú kò lè kàn máa rìn kiri ní Tchaourou. Ní òwúrọ̀ tí mo kọ́kọ́ jáde, n kò tíì kúrò níwájú ilé tí oní-zémidjan kan, tó ń fi máṣíìnì gbé èrò, fi dúró tì mí. “Àlàájì, ṣé máṣíìnì yín bàjẹ́ ni? Ẹ gòkè.” Mo ní mò ń rìn ni. Ó wò mí títí, ó ní, “Ta ló bí yín nínú?” Mo yà sí ọ̀nà kejì, àṣé ọ̀nà ilé àgbẹ̀ kan tí mo jẹ ní ṣẹ́kù owó ni. Ọkùnrin náà rí mi lókèèrè, ó sáré gbé àga síta, ó ní, “Àlàájì, ẹ ṣeun o, ẹ̀yin fúnra yín lẹ tún gbé e wá!” Mo jókòó, mo mu omi, mo sanwó. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìyàwó mi ti gbọ́ lọ́jà pé wọ́n ti gba máṣíìnì mi nítorí gbèsè.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n pinnu pé inú ilé ni n ó ti máa rìn. Mo ti rí ẹ̀rọ náà lórí fóònù: ọkùnrin kan ń rìn nínú yàrá tútù, aṣọ rẹ̀ funfun, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè gbèsè. Kí n má tan ara mi, ìgbéraga náà wà níbẹ̀. Ìlú tó bí Thomas Boni Yayi, tó ṣe ààrẹ láti 2006 títí di 2016, ó yẹ kí ẹnì kan níbẹ̀ ní ẹ̀rọ ìrìn, kí ni kò ní jẹ́ kó jẹ́ èmi?

Ìyá àgbà tó wà nílé wa gbọ́, ó ní, “O fẹ́ sanwó kí o tó rìn? Ta ló ń gba owó ọ̀hún, ṣé ilẹ̀ ni àbí bàtà?” Ọmọ mi obìnrin tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama tún bá mi wá ìtàn rẹ̀ lórí fóònù, ó kà á sókè fún gbogbo ilé. Ó ní ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Cubitt, ló ṣe irú rẹ̀ ní 1818 fún ọgbà ẹ̀wọ̀n: àgbá ńlá kan tó ní àtẹ̀gùn lára, tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n á máa gùn ún fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́ láìdé ibì kankan. Wọ́n fi ṣe ìyà Oscar Wilde òǹkọ̀wé náà. Òfin 1898 ló fi òpin sí i nílẹ̀ wọn. Ìyá àgbà ní, “Kò burú. Ọdún mélòó ni wọ́n dá fún ọ?” Mo sọ fún ọmọ náà pé kó kà á dé ìparí. Ó kà á: ní 1952, dókítà Robert Bruce àti Wayne Quinton ṣe ti iléèwòsàn ní Amẹ́ríkà láti fi yẹ ọkàn aláìsàn wò; lẹ́yìn ìyẹn ni William Staub, ẹnjiníà kan, ṣe èyí tó kéré tí ènìyàn lè gbé sílé, nítorí ó ka ìwé tí Kenneth Cooper kọ ní 1968 lórí eré ìmárale. Mo ní, “Ẹ ò gbọ́, ti ọkàn ni.” Wọn kò gbọ́. Ẹ̀wọ̀n ni gbogbo wọn mú dání.

Cotonou ni mo ti lọ rà á. Àlòkù tí ọkọ̀ ojú omi ń kó dé ibẹ̀ láti òkè òkun kò lóǹkà, ẹ̀rọ ìrìn mi sì wà láàárín fíríìjì méjì, ó ń dán. Ẹni tó ń tà á kò parọ́ fún mi, n kò bi í ní ohun kan tó yẹ kó parọ́ sí. Mo ka bọ́tìnnì ara rẹ̀, wọ́n pọ̀. Mo ní ṣé ó lágbára? Ó ní agbára ẹṣin mẹ́ta ni. Inú mi dùn. N kò mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ka ẹṣin yìí. Ọ̀kan ni èyí tí mọ́tò lè fà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tó bá ń tiraka. Èkejì ni èyí tó lè máa fà lọ láìdúró. Èkejì yìí ló yẹ kí ènìyàn béèrè. Fún ẹni tó fẹ́ máa rìn, bíi méjì tó. Ẹni tó fẹ́ sáré, kó wá méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Èmi, ẹṣin mẹ́ta mi kò ju kí wọ́n yọjú kí wọ́n padà sílé.

Mo tilẹ̀ tún ṣe bí ọlọ́gbọ́n. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé iná Amẹ́ríkà kò rí bíi tiwa, pé 120 ni tiwọn, 220 ni tiwa. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Òǹkà pọ̀ níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, èmi sì rèé, Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé. Ṣùgbọ́n mo rí 220 gbàǹgbà. Mo nà tán, mo sanwó.

Ọkọ̀ ẹrù ló gbé wa bọ̀ wá sílé, ó lé ní 300 kìlómítà. Ní gbogbo ibi tí a ti dúró ni wọ́n ti ń bi mí pé kí ni. Ní Dassa, ẹnì kan ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan gàrí ni. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìyá oníṣu kan wo ibi tí wọ́n ń tẹ̀ tó gùn, ó wo ọwọ́ ìdìmú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó rọra bá mi kẹ́dùn ẹni tó kú.

Nígbà tí a délé, kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Èmi tí n kì í gba àpò kajú kan láìwọ̀n ọ́n, n kò wọn ilẹ̀kùn ara mi. Káfíńtà yọ férémù, ó gba owó ìyọkúrò, ó tún gba owó ìdápadà. Oníná dé, ó rí i pé ẹnu wáyà náà pẹlẹbẹ, ihò ara ògiri wa sì róbótó. Ó ní, “Àlàájì, ṣé ẹ dájú pé iná wa ni?” Mo ní 220 ni, mo rí i. Ó gé e, ó so òmíràn mọ́ ọn, ó tì í bọ ògiri. Ẹ̀rọ náà kí wa pẹ̀lú ariwo kan, ó tú èéfín, ó dákẹ́.

Atúnẹ̀rọṣe tó wá láti Parakou ló ka irin ẹ̀yìn náà fún mi. Ó fi ìka lé 120, ó ní, “Iná rẹ̀ rèé.” Mo ní 220 ńkọ́? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó bo ẹnu. “220 yìí kì í ṣe ti iná, Àlàájì. Ti yín ni.” Ìwọ̀n ènìyàn tó lè gbà ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n sì fi ìwọ̀n Amẹ́ríkà kọ ọ́: pọ́n-ùn 220, tó jẹ́ 100 kílò. Ó ní, “Kílò mélòó lẹ̀ ń tẹ̀?” Òṣùwọ̀n kajú mi wà níbẹ̀, kò tó ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí wa. N kò gun orí rẹ̀ rí. Mo gùn ún níṣojú gbogbo ilé: 118. Ìyá àgbà ní bí mo bá jẹ́ kajú ni, owó mi ìbá ti tó.

Ó yẹ kí n dá ẹ̀rọ náà padà níbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní kó tún un ṣe. Ó wá pátákó iná mìíràn fi sí i, ó sì ní kí n ra trànsífọ́mà tó lè sọ 220 di 120, kí ó jẹ́ èyí tó tó 3,000 wáàtì, nítorí ẹ̀rọ ìrìn ń jẹ iná. Mo ra kékeré kan tí wọ́n fi ń lo ẹ̀rọ ìlọta, torí pé owó rẹ̀ dára. Ó gbóná títí ó fi ń rùn. Mo padà lọ ra ńlá.

Ìrọ̀lẹ́ tí mo ṣí i, àwọn aládùúgbò kún ẹnu ọ̀nà. Mo wọ fìlà mi tuntun. Mo ti gbọ́ pé ẹni tó ń rìn kánmọ́kánmọ́ á rin bíi kìlómítà 6 ní wákàtí kan, mo bá tẹ 6. Máìlì ni ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ń kà. Máìlì 6 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 10, ìyẹn kì í ṣe ìrìn mọ́, eré ẹni tí oyin ń lé ni. Ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láìdágbére fún mi. Àwọn ará àdúgbò pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo na ọwọ́ láti dín eré kù, bọ́tìnnì tí ọwọ́ mi bà ni èyí tó ń gbé iwájú ẹ̀rọ sókè bí òkè. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún gòkè. Mo ga, ẹ̀rọ náà gbé mi kúrò nílẹ̀ ní ogún sẹ̀ǹtímítà kó tó di pé ó ń gòkè, àjà yàrá kajú kò sì ga. Ohun tó wá yọ mí lẹ́nu ni fáànù. Ó ń yí lórí mi, ó ń súnmọ́ mi. Ó kọ́kọ́ mú fìlà. Mo rí i tí fìlà mi fò gba orí àwọn ènìyàn kọjá síta, mo tẹ orí ba, ẹsẹ̀ yẹ̀, rọ́bà tó ń yí náà gbé mi sọ sẹ́yìn sínú àpò kajú.

Okùn pupa kan wà tó yẹ kí n fi há aṣọ mi, tí ènìyàn bá ṣubú á fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ẹ̀rọ á dúró. Mo ti fi há ara ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, kó má baà sọnù. Nítorí náà ó ń yí lọ ní tirẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yọ mí. Mítà méjì ló yẹ kó ṣófo lẹ́yìn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àti ààbọ̀ mítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èmi fi àpò dí gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé ògiri ni mo fi dí i, ẹlòmíràn ni ìbá máa sọ ìtàn yìí.

N kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ òróró. Wọ́n ní kí a máa fi òróró sílíkónì sí abẹ́ rọ́bà náà. Mo yọ́ òrí ìyá àgbà, mo fi pa ojú rọ́bà náà. Eruku ọyẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, èèrà tẹ̀ lé eruku.

Ìyàwó mi ló ń lò ó nígbà tó yá, torí kò wọ̀n tó 100 kílò, ó sì mọ ibi tí wọ́n ń há okùn pupa sí. Èmi padà sí rírìn níta, ní ìdájí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tó ti Cotonou lọ sí Parakou, níbi tí kò sí oní-zémidjan. Nígbà tó sú ìyàwó mi náà, a ní ká tà á.

Olùkọ́ kan wá láti Papanè. Ó mú téèpù ìwọ̀n dání. Ó wọn ibi tí wọ́n ń tẹ̀: mítà 1.15. Ó ní òun ga, pé fún ìrìn lásán òun ń wá 1.30, bí òun bá sì máa sáré, á tó 1.50. Ó béèrè bó ṣe ga tó nílẹ̀, ó sọ pé òun ti wọn àjà òun, òun sì ti wọn ilẹ̀kùn. Ó béèrè ẹṣin, kì í ṣe èyí tí mo sọ, èyí tó ń fà láìdúró. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́yìn ẹ̀rọ náà pẹ̀lú iná fóònù, ó ka irin pẹlẹbẹ náà látòkè délẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó dìde, ó gbọn eruku nù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an.

Ó wá yíjú sí trànsífọ́mà. Ó ní àbúrò òun fi fíríìjì ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Èló ni?

Mo tà á fún un. Ó dì í mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì rẹ̀, ó lọ. Ìyàwó mi ń wo èmi àti ẹ̀rọ náà.

“Bàbá Ìbejì,” ó ní, “tí ẹlòmíràn bá wá rà á lọ́la, kí lẹ máa fi tàn án fún un?”