Ọ̀gá Dàírẹ́ẹ̀tì

Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ tó ń gbóná dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Dàírẹ́ẹ̀tì, kò ní bi yín pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Kò ní bi yín bóyá orí eré ló ti ń gbóná ni àbí inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kò ní wo fíúsì, kò ní fi tẹ́sítà kan wáyà kankan. Á ní kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á yọjú wo abẹ́ rẹ̀ fìrí, á nawọ́ gba píláyà lọ́wọ́ ọmọṣẹ́, á sì sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí iṣẹ́ ríwáyà kọ́ ọ: "Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní dàírẹ́ẹ̀tì."

Irú rẹ̀ pọ̀ lójú títì Ìlọrin sí Jẹ́bà, láti Kùléǹdé títí dé Bódè-Sáàdú, ṣùgbọ́n Òkè-Oyi ni mo ti mọ̀ ọ́n dunjú. Ibẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìlọrin fi ṣe ibùjókòó, tírélà tó ń ti òkè Ọya bọ̀ sì ń gba ibẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru. Páànù díẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bátìrì tó ti kú tò sí iwájú, búútà àlùwàlá kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì tó jẹ́ pé, láàárín ìrun méjì, òun náà ló fi ń bu omi kànga sí rédíétọ̀ oníbàárà. Ọmọṣẹ́ mẹ́ta ló ní. Ọ̀kan ń gé wáyà, ọ̀kan ń fi eyín bó o. Ẹ̀kẹta, tí wọ́n máa ń rán lọ ra búrẹ́dì, nìkan ni kò tí ì ba ọkọ̀ ẹnikẹ́ni jẹ́.

Mo wò ó bó ṣe ṣe Golf 3 àgbẹ̀ kan tó kó iṣu wọ̀lú. Lára rédíétọ̀ Golf, súwíìsì kékeré kan wà tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí omi gbígbóná ń kàn. Bí omi bá ti gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 95 ti Celsius, súwíìsì á jẹ́ kí iná kọjá, fáànù á yí. Bí omi bá tutù díẹ̀, iná á gé, fáànù á sinmi. Súwíìsì yẹn ló kú. Kò ju ká tú u, ká dé tuntun síbẹ̀ lọ, wọ́n sì ń tà á ní òpópónà Táíwò ní Ìlọrin. Ọ̀gá Dàírẹ́ẹ̀tì fa ẹnu wáyà méjèèjì yọ, ó gé e, ọmọ eléyín bó o, wọ́n lọ́ ọ mọ́ra wọn, wọ́n sì fi láílọ́ọ̀nù dúdú tí wọ́n fi di àkàrà wé e. Fáànù gbéra, ó ń hu. Ọ̀gá dìde, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.

"Àlájì, ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀!"

Àlájì tẹ́tí, ó rẹ́rìn-ín. "Wàláhì, ó ti dáa." Ó sanwó, ó lọ.

Kò sẹ́ni tó sọ fún Àlájì pé fáànù yẹn kò ní sinmi mọ́. Á máa yí ní àárọ̀ kùtù tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Á máa yí lójú títì tí ọkọ̀ ń sáré, tí atẹ́gùn tó ń fẹ́ lu rédíétọ̀ ti tó o. Fáànù bẹ́ẹ̀ lè máa fa ámpíà 10 sí 20, ọ́tánétọ̀ ló sì ń rù ú. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, kábọ́ọ̀nù inú mọ́tọ̀ rẹ̀ ń jẹ tán. Ọjọ́ tó bá sì máa kú, kì í ṣe iwájú ilé ló ń kú sí. Ẹ̀yìn tírélà tó dábùú ọ̀nà ló ń kú sí, ní ọ̀sán gangan, níbi tí a ti nílò rẹ̀ gan-an.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe wáyà tó gé ló ń bí mi nínú jù. Àwáwí rẹ̀ ni.

Nígbà tó bá ti ṣe fáànù tán, á kọjú sí thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tí kì í jẹ́ kí omi ẹ́ńjìnnì kọjá sí rédíétọ̀ títí á fi gbóná tó. Á tú u, á yọ ọ́ dànù, á dé ibẹ̀ padà lófìfo. Bí ẹ bá bi í léèrè, á rọ ohùn wálẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tú àṣírí àwọn òyìnbó fún yín: "Àlájì, ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ṣe eléyìí fún. Ilẹ̀ tiwa gbóná." Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀, ẹni tó kọ́ ọ̀gá yẹn náà ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ti sọ ọ́ fún awakọ̀, ó ti sọ ọ́ fún àáfà, ó ti sọ ọ́ fún Alhája tó ń ta aṣọ. Mo gbọ́ níbi tó ti sọ ọ́ fún olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní fisíìsì. Olùkọ́ mi orí, ó ní òótọ́ ni, ilẹ̀ wa gbóná.

Ó dáa, ilẹ̀ wa gbóná. Oòrùn Ìlọrin nínú oṣù Kẹta, tí ajá ń wá abẹ́ ọkọ̀ sùn sí, kì í kọjá nǹkan bí 40. Thermostat inú ọ̀pọ̀ Toyota kì í la ẹnu títí omi fi dé 82. Ibi tí ìgbóná ilẹ̀ wa parí sí, ẹ́ńjìnnì kò tí ì jí níbẹ̀. Àbí kí ló dé tí ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Dubai, níbi tí ooru ń lé ní 45, fi ní thermostat? Ṣé yìnyín ń bọ́ níbẹ̀ ni? Ní Kàdúná, láti ọdún 1975, ni wọ́n ti ń to Peugeot fún wa. Oòrùn Kàdúná ni wọ́n ń tò ó sí, wọ́n sì ń dé thermostat sí i. Kódà Peugeot 504, ọkọ̀ tí a rò pé kò ní ìdààmú kankan, ẹni tó ṣe é jáde ní 1968 ti fi màgínẹ́ẹ̀tì sí fáànù rẹ̀, kó lè máa dá ara rẹ̀ mú kó sì máa dá ara rẹ̀ jù sílẹ̀ bí omi bá ti gbóná tó. Ohun tí wọ́n ti rò láti ìgbà yẹn, Ọ̀gá Dàírẹ́ẹ̀tì kò tí ì gbọ́.

Ìṣó kan wà lára òpó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ń fi àwọn thermostat tó ti yọ há, wọ́n pọ̀ lọ bẹẹrẹ. Ẹ mú èyíkéyìí níbẹ̀, ẹ jù ú sínú omi tó ń hó lórí iná onítíì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Á la ẹnu. Ẹ yọ ọ́ síta kó tutù, á pa ẹnu dé. Kò sí ohun tó ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹlẹ́ṣẹ̀ gidi ni rédíétọ̀ tí ìpẹtà ti dí, láti ara omi inú búútà. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá, ó sì tún gbowó làpálàpá lọ́wọ́ yín. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní thermostat á pẹ́ kó tó gbóná tó yẹ. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa rò pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí i láti ojú oorun ni, á máa da epo sí i. Epo yìí náà tí gbogbo wa ti ń sunkún owó rẹ̀ láti oṣù Karùn-ún 2023.

Bí oníbàárà bá ní ariwo fáànù ti pọ̀ jù, Ọ̀gá ní èyí tó ga ju dàírẹ́ẹ̀tì lọ. Á lọ ra súwíìsì tí wọ́n fi ń tan gílóòbù nínú yàrá, èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri, á fi sukúrúù kàn án mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. "Bí géèjì bá ti ń gòkè, ẹ tẹ̀ ẹ́." Wọ́n ti sọ onímọ́tò di sẹ́ńsọ̀. Kó máa wo ọ̀nà, kó máa wo ọlọ́kadà, kó máa wo géèjì. Lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bá gbé ọkọ̀ lọ síbi ìsọmọlórúkọ, tí ẹnì kan kò sọ fún un pé ó yẹ kó tan iná yàrá nínú ọkọ̀, tópù gásíkẹ́ẹ̀tì lọ nìyẹn. Wọ́n á sì ní obìnrin kò mọ ọkọ̀ wà.

Ohun tó lè ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jáde pólì ṣe é síbi ọkọ̀ bàbá rẹ̀ níṣojú mi: sẹ́ńsọ̀ kan tó ń wọn ooru omi, áísì LM393 kan tó ń fi ohun tí sẹ́ńsọ̀ sọ wé ohun tí a fẹ́, ríléè 40 ámpíà kan, àti fíúsì. Bí omi bá dé 95, fáànù á yí, kò sì ní dúró àfi tó bá já sí 88. Ó fi àlàfo sáàárín méjèèjì kí ríléè má baà máa ṣẹ́jú tàtàtà títí á fi jóná. Ó tún tò ó pé bí wáyà sẹ́ńsọ̀ bá já, kí fáànù máa yí fúnra rẹ̀, kí ọkọ̀ má baà jóná. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́ ṣe ń ṣe. Gbogbo owó rẹ̀ kò tó owó tí wọ́n fi ń họ héèdì ẹ́ńjìnnì kan.

Ọkọ̀ bàbá yẹn dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Dàírẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan nítorí họ́ọ̀nù. Ó rí pátákó kékeré náà, ó ṣe ṣìọ̀. "Kọ̀ǹpútà ni. Kọ̀ǹpútà kì í fẹ́ eruku." Ó gé e kúrò, ó so fáànù ní dàírẹ́ẹ̀tì. Ó yọ ríléè inú rẹ̀, òun ló fi ṣe họ́ọ̀nù.

Àìmọ̀ nìkan kọ́, mo lè dárí àìmọ̀ ji èèyàn. Ohun tó bá ti ń fi òye ṣiṣẹ́ ni kì í fẹ́ rí. Bí nǹkan bá mọ ìgbà tó yẹ kó ṣiṣẹ́ àti ìgbà tó yẹ kó sinmi, ara ń ta á, àfi kó gé e. Irú rẹ̀ náà ló fi wáyà nípọn rọ́pò fíúsì tiransífọ́mà àdúgbò yín, ẹ̀yin náà sì pariwo ayọ̀ nígbà tí iná dé.

Ríwáyà tó mọṣẹ́ wà ní Òkè-Oyi o. Ó ń fi tẹ́sítà wá ibi tí iná já sí, ó sì lè fi gbogbo àárọ̀ wá a. Bó bá ṣe tán, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan, torí omi kò tí ì gbóná, fáànù kò sì tí ì yẹ kó yí. Oníbàárà á dúró níbẹ̀, á ní: "Ṣé ẹ ti ṣe é tán? Mi ò gbọ́ fáànù." Á yọ owó rẹ̀ ní ìdajì, á máa kùn. Èèyàn kan náà yẹn ló sanwó pé fún Ọ̀gá Dàírẹ́ẹ̀tì, tó tún fún ọmọ eléyín lówó omi.

Nítorí náà kò sí ìdí tí Ọ̀gá fi máa yí padà. Nígbà tí ọkọ̀ bá jóná, á ní ọkọ̀ ti gbó, a ó sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbà tí oníbàárà kan bá di owó rẹ̀ mú ṣinṣin, tó bi í pé, "Kí ló ṣe súwíìsì tó wà níbí tẹ́lẹ̀?", tó sì kọ̀ láti sanwó títí tó fi dáhùn, ìgbà yẹn ni ebi máa rán an lọ kọ́ṣẹ́.