Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀gbọ́n mi Olóyè tí wọ́n fẹ́ wọ Wikipedia

Ẹ̀gbọ́n mi Olóyè,

Ẹ kú ìmúra ọjọ́ ìbí o. Ọgọ́ta ọdún kì í ṣe kékeré. Mo gbọ́ pé aṣọ ẹbí ti tán nílẹ̀, pé wọ́n ti so màlúù mọ́ ẹ̀yìnkùlé, pé ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń jẹ yín lọ́kàn ni pé bí èèyàn bá tẹ orúkọ yín sí Google, ojú-ìwé Wikipedia kò jáde. Wọ́n ní ẹ kọ ìtàn ìgbésí ayé yín ránṣẹ́, wọ́n dá a padà, ẹ sì fi ìbínú béèrè nọ́ńbà ọ̀gá wọn.

Ẹ̀gbọ́n, kò sí ọ̀gá tí ẹ máa pè. Láti ọdún 2001 tí Jimmy Wales àti Larry Sanger ti dá a sílẹ̀, àwọn tó ń kọ ọ́ kì í gba owó oṣù. Ẹni tó dá ìwé yín padà lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Íńdíà tó ń jẹ búrẹ́dì nídìí kọ̀ǹpútà. Kò mọ̀ pé bí ẹ bá wọ gbọ̀ngàn, onílù á fi ẹni tó ń lù fún sílẹ̀. Ìbéèrè kan ló ní: ta ló ti kọ ohun tó nítumọ̀ nípa ọkùnrin yìí, tí kì í ṣe òun fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀, tí kò sì gbowó lọ́wọ́ rẹ̀?

Mo wo ẹ̀rí tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ìkínní, ìwé ètò ìwúyè yín: ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́. Ìkejì, ìkíni ojú-ìwé kíkún nínú ìwé ìròyìn: àwọn tí ẹ gbé iṣẹ́ kọngilá fún ló sanwó rẹ̀. Ìkẹta, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: ẹ yin ara yín dáadáa, ẹ tún fún akọ̀ròyìn ní owó ọkọ̀ tó lè gbé e dé Kánò lọ bọ̀. Ìkẹrin, Facebook. Ẹ̀gbọ́n! Wikipedia kì í ṣe onílù òde àríyá tí a ń lẹ owó mọ́ níwájú orí kó tó rántí oríkì ẹni.

Ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ní ọdún 2018, ẹnì kan kọ ojú-ìwé nípa Donna Strickland, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Waterloo ní Kánádà. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní ẹ̀rí kò tó. Nígbà tó di ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, wọ́n kéde pé ó wà lára àwọn mẹ́ta tó gba Ẹ̀bùn Nobel, fún iṣẹ́ lórí ìtànṣán léésà tí òun àti Gérard Mourou tẹ̀ jáde ní 1985. Mourou ti ní ojú-ìwé tirẹ̀ tipẹ́. Ti obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́jọ́ ìkéde ni. Kò sì sí iṣẹ́ tuntun tó ṣe ní òru mọ́jú. Àwọn oníròyìn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Níbẹ̀ ni mo ti bá yín bínú sí wọn díẹ̀. Èèyàn kọ́ ni wọ́n ń wọ̀n, ìwé ni. Bí arọ́kin Ọ̀yọ́ bá dìde lónìí tó ka àwọn Aláàfin láti orí dé ìdí, wọ́n á ní ìwé dà. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn arọ́kin sọ fún Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, wọ́n ń tọ́ka sí i fàlàlà. Díẹ̀ ló sì kù kí ìyẹn náà ṣègbé: ìwé tí Johnson fọwọ́ kọ sọnù lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, òun fúnra rẹ̀ kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló tún un kọ. Ká ní Obadiah káwọ́ gbera ni, mélòó nínú àwọn ọba wa ni ì bá lókìkí lójú wọn?

Ní ti ẹni tó ní kí ẹ sanwó kí òun gbé yín wọlé, ẹ ṣọ́ra. Ní 2015, wọ́n ti 381 àkáǹtì pa lórí irú iṣẹ́ yìí. Àwọn gbájú-ẹ̀ náà ń wá ẹni tí wọ́n ti dá ìwé rẹ̀ padà, wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á tún máa gbowó oṣooṣù kí ojú-ìwé náà má baà pa rẹ́. Bí ẹ bá tiẹ̀ yọ́ wọlé, ẹnikẹ́ni lè ní kí wọ́n yọ yín. Wọ́n á fi bí ọjọ́ méje jiyàn lórí yín ní gbangba. Ẹ ò sì lè kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú yín wá dìbò, torí ìdí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wò, wọn kì í ka orí.

Ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ohun tí ẹ ń tọrọ? Ojú-ìwé náà kò ní jẹ́ tiyín. Ẹjọ́ ilẹ̀ yín yẹn, bó bá ti wà nínú ìwé ìròyìn, ó lè wọlé. Bí ẹnì kan bá sì lọ hú ìròyìn àtijọ́ jáde nípa ìgbà tí ẹ jẹ́ olórí akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ó wá ṣàlàyé bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ṣe dé ipò yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ìmọ̀ràn. Ìyá agbẹ̀bí àdúgbò wa, tí wọ́n gbẹ̀bí ìdajì àwọn tó máa jó lọ́jọ́ ìnáwó yín, kò sí ìwé kankan tó dárúkọ wọn. Ẹ wá olùkọ́ ìtàn kan ní yunifásítì, ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ìyá, kó bi wọ́n léèrè, kó kọ ohun tó bá rí. Lẹ́yìn náà kí ẹ padà sílé, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má jókòó tì wọ́n fún fọ́tò.

Èmi ni,
Àbúrò yín tí Google náà ò mọ̀