Ẹ̀gbọ́n Oníná

Ẹ kò ní pẹ́ rí i níbi ìsọmọlórúkọ ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí nídìí onílù, kò sì sí nídìí ìkòkò. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló wà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ fi kẹ̀kẹ́ ológeere wọn tì sí. Ó tẹ̀ ba, ó ń yẹ iná iwájú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá ìyàwó ṣe ń yẹ aṣọ òkè wò lọ́jà Òjé. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú páásípọ́ọ̀tù. Ẹ̀gbọ́n Oníná la mọ̀ ọ́n sí.

Kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣèèṣì dọ̀bálẹ̀ kí i, kó fi kún un pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ra iná 1,000 lumen, ó ti kó sí wàhálà nìyẹn. "Àbúrò, ta ló fi lumen tàn ẹ́ jẹ?" Á wá ṣàlàyé pé lumen ni gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó tú jáde lẹ́nu iná, ìbáà ṣe orí igi ló lọ, ìbáà ṣe fèrèsé alájọgbé, lux ni ti èyí tó bà lé ibi tí a ń wò. Pé iná tó fún wa ní lux 10 ní mítà 10, bó bá dé mítà 20, lux méjì àbọ̀ péré ló kù. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ohun tó tilẹ̀ ń bíni nínú nípa Ẹ̀gbọ́n nìyẹn: kì í parọ́. Àmọ́ jọ́lọ́ọ̀fù ti tutù kó tó dé mítà 20.

Bí iná tuntun bá dé ilé rẹ̀, wọn á pa gbogbo iná pálọ̀, wọn á lé àwọn ọmọ wọ yàrá, wọn á tan ti kẹ̀kẹ́ sí ògiri funfun. Ẹ̀gbọ́n á fẹjú mọ́ ògiri. "Àárín rẹ̀ mọ́ jù. Etí rẹ̀ ṣú. Ẹ wo ojú dúdú níbí." Ìyàwó rẹ̀ ní òun kò rí ojú dúdú kankan, àmì ọwọ́ ọmọ tó jẹ ẹ̀bà ni. Ògiri funfun a máa dá ìmọ́lẹ̀ padà fún ẹni tó tan án. Títì ọlọ́dà tí òjò oṣù kọkànlá ti rin kì í ṣe bẹ́ẹ̀: iwájú ló ń ju èyí tó pọ̀ jù sí, ìwọ̀nba ló ń padà sójú ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Ẹ̀gbọ́n mọ èyí náà. Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀ níta, pálọ̀ sì ní híítà.

Tó bá wá kan ọ̀rọ̀ ooru, ẹ jẹ́ ká jókòó. Gílóòbù ayé àtijọ́ a máa tu púpọ̀ nínú ooru rẹ̀ síwájú pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀; ti LED, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ooru ń gbá jọ sí. Bí ooru náà kò bá rí ara alumíníọ̀mù gbà bọ́ sí afẹ́fẹ́, iná á máa rẹ̀wẹ̀sì, ọjọ́ ayé rẹ̀ á sì kúrú. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ní awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn, tí atẹ́gùn ń gba àárín wọn, tí iná tó gbọ́n sì máa ń dín agbára ara rẹ̀ kù bó bá ti gbóná jù. Ẹ̀gbọ́n ní ìbọn ìwọn-ooru, irú èyí tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí lásìkò Kòrónà. Ó gbé iná sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ híítà, ó ń yìnbọn fún un ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí iná fi dín kù.

"Ẹ rí i? Ó ti dákú! Ayédèrú ni!"

"Dádì," ọmọ rẹ̀ obìnrin yọjú, "ṣé kì í ṣe pé kẹ̀kẹ́ máa ń rìn, tí atẹ́gùn á máa fẹ́ sí i?"

"Ṣé o ti ṣe ìṣirò tí wọ́n fún yín nílé ìwé?"

Wọ́n dá iná padà fún ẹni tó tà á.

Bí ẹ bá fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n ṣí fìlà, ẹ dárúkọ Jámánì. Níbẹ̀, iná kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ní àmì ìfọwọ́sí, lẹ́tà K àti nọ́ńbà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lókè kó má baà gún ẹni tó ń bọ̀ lójú. Òfin ti Gẹ̀ẹ́sì ń pa á lẹ́rìn-ín: funfun níwájú, pupa lẹ́yìn, láti 2005 ó sì lè máa ṣẹ́jú bó bá wù ú, bó bá ti wà láàárín ìgbà 60 sí 240 ní ìṣẹ́jú kan. "Òfin nìyẹn?" á ní. "Ó kù kí wọ́n ní kó máa jó."

Iná Jámánì ló wà lórí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ báyìí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò dá, ó gùn ún jáde, ó gba Surrey Canal Walk, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n là síbi tí odò àfọwọ́gbẹ́ wà tẹ́lẹ̀, láti Peckham lọ sí Burgess Park. Kó lè rí ọ̀nà jìnnà, ó ti yí iná náà sókè díẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń bọ̀ ló ń gbé ọwọ́ sókè: bàbá tó ń fa ajá, ìyá tó ń ti ọmọ, àwọn ọmọ iléèwé. Ẹ̀gbọ́n náà ń gbé tirẹ̀. Ó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù pé wọn kì í kí èèyàn.