Bí Òkú Òkèèrè Ṣe Kùtà
Nínú gbogbo ọjà tí ilẹ̀ òkèèrè ń kó wọ Nàìjíríà, fíìmù adẹ́rùbani, ìyẹn eré tí wọ́n dìídì ṣe kí àyà òǹwòran lè já, wà lára àwọn tí iyì wọn kì í dúró sójú kan. Dracula tí ilé-iṣẹ́ Hammer ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1958, níbi tí Christopher Lee ti ṣe òkú ìjòyè tí ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, gbayì nígbà tirẹ̀, àmọ́ nígbà tí Mr. Vampire jáde ní Hong Kong ní 1985, òkú tó lòde ti di èyí tí ń fò bí àkèré, tí ó na apá gbọọrọ, tí bébà kékeré tí a kọ ọfọ̀ sí, tí a lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí, sì lè dá dúró. Ìlú Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń fi àtòrì na ara wọn lọ́dún òrìṣà Ògìyán, tí wọ́n sì ń pe é ní ayẹyẹ, kò lè torí òkú tí bébà lásán ń dá dúró sá wọlé. Nígbà tí Living in Bondage, eré elédè Ìgbò, wá jáde ní 1992, tí ìyàwó tí ọkọ fi ṣe ètùtù owó ń padà wá yọ ọkọ lẹ́nu, ó hàn pé òkú tó mọ ọ̀nà ilé ló ń dẹ́rù bani jù. Ìjòyè òyìnbó kò kúkú mọ ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ìlú tó wà nítòsí Èjìgbò. Lóde òní, ohun tó ń já òǹwòran láyà jù nínú fíìmù òkèèrè ni iye dátà tí yóò jẹ kó tó parí.