Ọ̀gá Ẹrẹ̀

Kò sí abúlé kan ní ìgbèríko Rọ́ṣíà tí irú ọkùnrin yìí kò sí. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, inú rẹ̀ a dùn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ìgbà ẹrẹ̀ tí wọ́n ń pè ní rasputitsa máa ń dé bá wọn, nígbà òjò ìwọ́wé àti nígbà tí yìnyín bá ń yọ́. Òkè ilẹ̀ á yọ́, ìsàlẹ̀ á ṣì dì gbagidi, omi kò ní rọ́nà wọlẹ̀, ojú ọ̀nà á wá di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Níbi tí ọkọ̀ búrẹ́dì ti kọ̀ tí kò wọlé mọ́, Ọ̀gá Ẹrẹ̀ á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á wo ẹrẹ̀ náà tìfẹ́tìfẹ́, á ní, "Èyí ló ká àwọn ọmọ ogun Jámánì mọ́ lọ́dún 1941." Ẹ ó rò pé òun ló po ó fún wọn ni.

Karakat lorúkọ ọkọ̀ ẹrẹ̀ tó ń kàn ní garaji. Ó yọ ẹ́ńjìnnì lára Oka, ọkọ̀ kékeré tí wọn kò ṣe mọ́ láti 2008. Irin tó gbé táyà wá láti ara jíìpù UAZ. Gíá jẹ́ ti mọ́tò Zhiguli àna rẹ̀, tí àna náà ṣì ń wá kiri.

Àmọ́ orí táyà gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ó gbọ́dọ̀ fẹ̀, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì kéré, kó lè tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Karakat tó bá dára kì í tẹ ilẹ̀ tó bí ẹsẹ̀ èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́: ibi tí awakọ̀ á ti rì dé orúnkún ni ọkọ̀ á gbà kọjá, bó bá sì dé odò, á léfòó. Irú táyà bẹ́ẹ̀ wọ́n lọ́jà, ni Ọ̀gá bá wá táyà ọkọ̀ akẹ́rù, ó ń fi ọ̀bẹ bó rọ́bà ara rẹ̀ ní ìpele ìpele kó lè fúyẹ́. Odindi ìgbà òtútù ló fi bó táyà. Ìyàwó rẹ̀ ní kó bá òun bó pòtétò mẹ́ta, Ọ̀gá ní ọwọ́ ń ro òun.

Ẹ má dárúkọ Sherp létí rẹ̀ o, ọkọ̀ ẹrẹ̀ tí Alexey Garagashyan ṣe ní St. Petersburg, tó ń fi èéfín sàlẹ́ńsà fẹ́ táyà ara rẹ̀. Á ní, "Kí ló wá jẹ́ tuntun níbẹ̀?" Èéfín tirẹ̀, inú ọkọ̀ ló ń wọ̀.

Ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà kò gbọdọ̀ gun títì ọlọ́dà. Nítorí náà, bí ẹrẹ̀ abúlé bá gbẹ, á gbé akọni náà ka orí kẹ̀kẹ́ ẹrù, á fi mọ́tò ìyàwó rẹ̀ fà á lọ wá ẹrẹ̀ níbòmíràn. Ẹja ló ní òun ń lọ pa. Ìwọ̀ ẹja rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á. Àwọn aládùúgbò bẹ̀ ẹ́ nígbà kan pé kó bá ìyá arúgbó tó wà lódìkejì abúlé gbé búrẹ́dì lọ. Ó ní ìdánwò ni òun ṣì ń ṣe. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń dán an wò.

Àwọn ará Rọ́ṣíà máa ń sọ pé bí jíìpù bá ṣe lágbára tó ni ibi tí wọn ó ti lọ wá tirakítọ̀ á ṣe jìnnà tó. Ẹrẹ̀ kọ́ ló sì dá Ọ̀gá dúró lọ́jọ́ kan, pulọ́ọ̀gì ló kú láàárín àbàtà. Bàbá àgbàlagbà kan ló wá fi tirakítọ̀ fà á. Ọ̀gá kò sọ̀kalẹ̀. Ó jókòó, ó di ìdarí mú bí ẹni tó ń wa ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí ilẹ̀ gbígbẹ, ó yí tirakítọ̀ náà po, ó mi orí.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ṣùgbọ́n táyà yín yìí ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ẹ gbé e wá sí garaji mi, mo máa bá yín bó o."